Gbogbo Alángbá Ló Dakùn Délẹ̀

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí ló bọ́ sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Òkukù gbé lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ rẹ̀ wá bá mi ní Ìkìrun. Windows ti wúwo jù fún ẹ̀rọ náà, ó sì ti fi Arch Linux rọ́pò rẹ̀. Ara ẹ̀rọ yá gágá. Ó tẹ yay, ó dárúkọ ètò tó fẹ́, ìbéèrè ń jáde, ó ṣáà ń tẹ Enter. Mo ní, "Ta ló kó èyí tí o ń gbé wọlé yìí jọ?" Ó ní, "Àwọn Arch ni, ẹ̀gbọ́n."

Kì í ṣe àwọn Arch. Arch tí Judd Vinet dá sílẹ̀ lọ́dún 2002 ní ilé ìkẹ́rùsí tirẹ̀, tí àwọn tí wọ́n fọkàn tán ń bójú tó. AUR wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni yay ti lọ mú ti ọmọ yìí wá. Ọjà àdúgbò ni, ẹnikẹ́ni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lè pàtẹ. Ohun tí wọ́n sì ń pàtẹ níbẹ̀ kì í ṣe ọbẹ̀ tó ti jinná. Ìlànà bí wọ́n ṣe ń sè é ni, PKGBUILD lorúkọ rẹ̀: lọ ra ata níbí, lọ pọn omi lọ́hùn-ún, dà á pọ̀ báyìí. Kọ̀ǹpútà yín ló máa sè é nínú ilé yín. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá ní kó lọ pọn omi kòtò, yóò lọ pọn ọ́n.

Ní oṣù keje ọdún 2018, ìdì ètò kan tó ń jẹ́ acroread ti di ọmọ òrukàn ní AUR, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ti fi í sílẹ̀. Ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní xeactor gbà á tọ́, ó sì ki ìlà kan bọ̀ ọ́ tó ń lọ fa nǹkan mìíràn wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbangba ni ìlà náà wà, ẹni tó bá kà á yóò rí i. Ní oṣù keje ọdún 2025 ẹ̀wẹ̀, ìdì mẹ́ta dé: librewolf-fix-bin, firefox-patch-bin àti zen-browser-patched-bin. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ ẹlòmíràn láti òkèèrè ló wà nínú wọn. Nǹkan bí ọjọ́ méjì ni wọ́n lò kí wọ́n tó kó wọn dànù. Ẹ tún orúkọ wọn wò: oògùn àìsàn tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ni wọ́n gbé wá tà.

Nítorí náà, ẹ má kánjú, ẹ ka PKGBUILD kí ẹ tó tẹ Enter. Ọmọ Ìkìrun tó gbọ́ ìtàn ogun Jálumi ọdún 1878 mọ ohun tí odò Ọ̀tìn fi ojú àwọn tó sáré kó sínú rẹ̀ rí. PKGBUILD kì í sábà gùn. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ source sí: ṣé ojúlé ẹni tó ni ètò náà gan-an ni, àbí ti ẹnì kan tí a kò mọ̀ rí? Bí fáìlì .install bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ kà á ju ìyókù lọ, nítorí agbára root, ìyẹn ti ọ̀gá ẹ̀rọ pátápátá, ló fi ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná wá ńkọ́? Kíkọ́ bíráúsà láti ìpìlẹ̀ lórí ẹ̀rọ àtijọ́ lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, NEPA kò sì ní dúró dè yín. Ìdí rèé tí àwọn ọmọ wa fi fẹ́ràn èyí tó parí sí -bin, èyí tí wọ́n ti sè tán. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò sí nídìí ààrò nígbà tí wọ́n ń sè é, PKGBUILD rẹ̀ àti ojúlé tó ti wá ló kù tí ẹ lè yẹ̀ wò. Ní ti dátà, ẹni tó ń rà á díẹ̀díẹ̀, Debian, ẹ̀yà Linux mìíràn, ni mo máa ń ní kó lò. Arch kì í fẹ́ kí a sọ ètò kan dọ̀tun kí a fi ìyókù sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló fẹ́ kí a jọ sọ dọ̀tun. Láti ọdún 1993 ni Debian sì ti wà: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó kàn fẹ́ fi àmì ohùn tẹ Yorùbá kò tilẹ̀ nílò AUR rárá, àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá ti wà nínú Linux tẹ́lẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ Ìníṣà mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀wẹ̀, ọ̀tọ̀ ni àáró. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀, oúnjẹ ló máa fi ṣàlejò, ó parí. Àáró kò rí bẹ́ẹ̀: bí mo bá ro oko rẹ lónìí, wàá ro tèmi lọ́la. Ọ̀pọ̀ wa ń lo AUR bí ọ̀wẹ̀ tí a kò tilẹ̀ sè fún. Ẹ wo ohun tí irú èyí lè fà níbòmíràn: ẹnì kan ṣoṣo, Lasse Collin, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dá tọ́jú xz, ètò tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó rẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń jẹ́ Jia Tan sì yọjú pé òun wá ràn án lọ́wọ́. Májèlé ni olùrànlọ́wọ́ náà bù sí i lọ́dún 2024. Andres Freund ló ká a mọ́, nítorí pé ó rí i pé SSH, tí wọ́n fi ń wọ ẹ̀rọ láti òkèèrè, ń fi nǹkan bí ìlàjì ìṣẹ́jú-àáyá falẹ̀.

Ọmọ Òkukù yìí wò mí. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn ìdì tí òun ń lò kò ní alágbàtọ́ báyìí, ṣé òun lè gbà á? Mo ní kó kọ́kọ́ kà á tán. Kò tíì kà á dé ìdajì tí NEPA fi gbé iná lọ, bátìrì tòkunbọ̀ náà kò sì lè dá dúró.