Pàǹtírí Olóró: Ẹni Tó Jèrè Ọjà Ni Kó Palẹ̀ Rẹ̀ Mọ́

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jẹ́ kí á yẹ ẹ̀yìn ilé wa wò lónìí. Bátìrì ínfátà tó ti kú, bátìrì tọ́ọ̀ṣì, gílóòbù tó ti jó, ike oògùn ẹ̀fọn, fóònù tó ti bàjẹ́: ibo ni wọ́n ń gbà lọ? Ọ̀pọ̀ wa ń kó wọn pọ̀ mọ́ èèpo iṣu dà sórí ààtàn, a sì ń dáná sun ún. A ṣe àlùwàlá, a fọ aṣọ ìrun, ṣùgbọ́n èéfín ààtàn náà ń wọlé wá bá àwọn ọmọ wa.

Kí ló wà nínú wọn?

Òjé àti ásíìdì ló wà nínú bátìrì mọ́tò àti ọ̀pọ̀ bátìrì ínfátà. Mákúrì wà nínú gílóòbù ọlọ́pàá gígùn. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé kò sí bó ti wù kó kéré tó tí kò léwu. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Inú agbo ilé ni wọ́n ti ń lọ òkúta náà, níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Òjé kan náà ni ẹni tó ń fi àáké la bátìrì àlòkù lẹ́bàá kànga ń dà sílẹ̀.

Ta ló ni ẹrù náà?

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé mímú ohun tó ń pa èèyàn lára kúrò lọ́nà jẹ́ ara ìgbàgbọ́. Ojúṣe tiwa nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ fíkíhì tún ní ìlànà kan pé ọ̀dọ̀ ẹni tí èrè ń lọ ni ẹrù yẹ kó lọ. Ìyá tó ra bátìrì kò ní iná tó lè yọ́ òjé láìsí ewu. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tó sì jèrè rẹ̀, ló mọ ohun tó fi sí i.

Òfin ilẹ̀ wa náà sọ bẹ́ẹ̀. Láti 2011 ni ìlànà àjọ NESREA lórí ohun èlò abánáṣiṣẹ́ ti di ẹrù yìí lé ẹni tó ń ṣe ọjà àti ẹni tó ń kó o wọlé láti òkè òkun. Ní 2018 ni wọ́n dá EPRON sílẹ̀, kí àwọn ilé iṣẹ́ lè máa dáwó sí i, kí wọ́n fi owó náà san fún kíkó àlòkù jọ àti títún un ṣe.

Ẹnìkan lè ní, “Wọn yóò fi owó náà lé orí ọjà.” Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n à ń san án tẹ́lẹ̀, nílé ìwòsàn. Bí ilé iṣẹ́ bá sì mọ̀ pé òun ni yóò gba àlòkù padà, yóò wá bí oró inú ọjà rẹ̀ yóò ṣe dínkù.

Kí á tó rí i ní àdúgbò gbogbo

1. Ẹ má ṣe sun bátìrì, ẹ má sì ṣe là á. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò dé.
2. Ẹ má ṣe fi ike oògùn kòkòrò bu omi tàbí epo, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó.
3. Bí ẹ bá ń ra bátìrì tuntun, ẹ bi ọlọ́jà pé: “Ṣé ẹ ó gba èyí tó ti kú? Ta ni ẹ óò kó o fún?”
4. Kí ìgbìmọ̀ mọṣáláṣí kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ fún ibi ìkójọ kan. Ohùn jámáà rinlẹ̀ ju ohùn ẹnìkan lọ.

Kí Ọlọ́hun Ọba dáàbò bo àwọn ọmọ wa, kó sì fún wa ní ìmọ́tótó inú àti ti òde. Àmín.