Ẹ̀kọ́ Lórí Kílọ́ọ̀ṣì Ọkọ̀, àti Ìdí Tí Ó Fi Ń Tètè Jẹ Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Ẹni Tí Ń Kọ́ Ọkọ̀ Wíwà

Àgbẹ̀ tí ó ní ọkọ̀ akẹ́rù mọ̀ dájú pé ẹ̀gẹ́ tí a ti hú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàrin ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí dúdú, iye tí a lè tà á a sì já wálẹ̀. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá dákẹ́ lórí òkè pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni ó bàjẹ́. Làálàá ọ̀pọ̀ oṣù ni ó wà nínú ewu. Nígbà púpọ̀, ohun tí ó dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró kì í ṣe ẹ́ńjìnì, kì í sì í ṣe táyà, bí kò ṣe àwo pẹlẹbẹ kan tí ojú kì í rí, èyí tí ẹsẹ̀ ẹni tí kò tíì mọ ọkọ̀ wà ti jó láìmọ̀. Ó tọ́ kí olúkúlùkù tí ń wa ọkọ̀ oníjíà, tàbí tí ń kọ́ ọmọ rẹ̀ láti wà á, mọ̀ nípa àwo yìí.

Ohun tí kílọ́ọ̀ṣì jẹ́

Ẹṣin lè dúró jẹ́ẹ́, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí rìn nígbà tí olówó rẹ̀ bá fẹ́. Ẹ́ńjìnì kò rí bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, yíyí ni ó ń yí, àní nígbà tí ọkọ̀ dúró, nǹkan bí ìgbà 700 sí 900 ní ìṣẹ́jú kan. Táyà ní tirẹ̀ a máa dúró, a sì máa rìn. Ó di dandan, nígbà náà, kí ohun kan wà láàrin àwọn méjèèjì, tí yóò lè so wọ́n pọ̀, tí yóò sì lè yà wọ́n. Ohun náà ni kílọ́ọ̀ṣì.

Irin rìbìtì wúwo kan wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì tí ń bá a yí. Àwo kílọ́ọ̀ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin yìí, sípíríǹgì líle sì ń fi irin mìíràn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láti ẹ̀yìn. Àwo yìí ni ó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ sínú àpótí jíà, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ táyà. Bí ẹsẹ̀ awakọ̀ kò bá sí lórí pẹ́dàlì, sípíríǹgì ti di àwo náà mú ṣinṣin, gbogbo wọn a sì máa yí pọ̀ bí ẹyọ kan ṣoṣo. Bí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dàlì dé ilẹ̀, ìdìmú náà a tú, ẹ́ńjìnì a sì máa dá yí. Nínú ipò méjèèjì yìí, àwo kì í jẹ.

Àárín méjèèjì ni ìparun rẹ̀ wà. Nígbà tí ẹsẹ̀ kò tẹ pẹ́dàlì tán, tí kò sì gbé e sílẹ̀ tán, irin a máa sáré, àwo a máa lọ́ra, ọ̀kan a sì máa ra èkejì. Kí òǹkàwé fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ra ara wọn kíákíá, yóò rí i pé wọ́n gbóná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú kílọ́ọ̀ṣì, àyàfi pé agbára tí ó wà níbẹ̀ ju ti ọwọ́ ènìyàn lọ fíìfíì.

A fi awọ kan bo àwo náà ní ìhà méjèèjì, kí ó má baà máa yọ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ìṣáájú, awọ ẹran gan-an ni a ń lò. Lóde òní, okùn líle tí a pò mọ́ oje àtọwọ́dá ni. Ní ọkọ̀ kékeré, awọ yìí nípọn ní nǹkan bíi mìlímítà 3 sí 4 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó sì lè jẹ kí orí ìṣó tó hàn kò ju nǹkan bíi mìlímítà 1 tàbí díẹ̀ lé ní ẹyọ kan lọ. Ìwọ̀nba ohun ìní tí awakọ̀ ní láti ná nìyẹn. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ lè ná an ju kìlómítà 100,000 lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè jó o tán lórí òkè kan ṣoṣo.

Ìtàn ọmọ àti bàbá

Kí a fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilẹ̀ Èkìtì, níbi tí òkè kì í jìnnà sí òkè, ń kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Bí wọ́n ti ń gun òkè, àwọn ọkọ̀ iwájú dúró kí agbo màlúù kan lè kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò tẹ bíréèkì. Ó gbé ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì sí àárín, ó ń tẹ epo, ọkọ̀ kò sì lọ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni kò padà sẹ́yìn. Ó rò pé ọgbọ́n ni òun ń ta. Kò pẹ́ tí òórùn kan fi gba inú ọkọ̀, bí ìgbà tí a bá ń sun bébà.

Bàbá rẹ̀ bi í pé, “Ọmọ mi, òórùn wo ni mo ń gbọ́ yìí?”

“Bàbá, bóyá ẹnìkan ni ó ń sun oko.”

“Kì í ṣe oko. Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ ni iná wà. Tẹ bíréèkì, fa ti ọwọ́, yọ ọ́ kúrò nínú jíà, kí o sì gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì.”

Ọmọ náà ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì wí pé, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹ́ńjìnì má baà kú, kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn má baà fi mí ṣe ẹlẹ́yà.”

Bàbá dá a lóhùn pé, “Ẹ́ńjìnì tí ó bá kú, kọ́kọ́rọ́ ni yóò jí i, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì tí ó bá kú, owó ẹ̀gẹ́ yìí ni yóò ra òmíràn.”

Wọ́n wa ọkọ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n dúró fún ìdajì wákàtí kí ó tutù, wọ́n sì dé ọjà lálàáfíà. Ṣùgbọ́n awọ tí ó ti jó kì í hù padà. Nínú ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ wà: ìbẹ̀rù kí ẹ́ńjìnì má kú ni ó ń pa kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ́ṣẹ́.

Àṣìṣe mẹ́rin tí ń jẹ kílọ́ọ̀ṣì run

Èkíní ni èyí tí a ti rí, èyíinì ni fífi kílọ́ọ̀ṣì di ọkọ̀ mú lórí òkè. Níwọ̀n bí ọkọ̀ kò ti rìn, gbogbo agbára tí ẹ́ńjìnì fi lé àwo lọ́wọ́ ni ó di ooru.

Èkejì ni kí a máa fún ẹ́ńjìnì ní epo púpọ̀ nígbà tí a bá fẹ́ gbéra. Ní ilẹ̀ títẹ́jú, bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìwọ̀n kan náà títí kílọ́ọ̀ṣì fi dì tán, ooru tí ó wọ inú rẹ̀ a máa pọ̀ sí i ju bí yíyí ẹ́ńjìnì ti pọ̀ sí i lọ. Bí yíyí bá di ìlọ́po méjì, ooru a di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ó gbéra nígbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan dá ooru tí ó tó ìlọ́po mẹ́sàn-án ti ẹni tí ó gbéra ní ìgbà 1,000.

Ẹ̀kẹta ni gbígbéra pẹ̀lú jíà kejì. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ sáré jù ti jíà kìíní lọ kí àwo tó lè bá ẹ́ńjìnì dọ́gba, nítorí náà fífi ara ra ara náà a pẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni fífi ẹsẹ̀ sinmi lórí pẹ́dàlì nígbà tí ọkọ̀ ń lọ. Awakọ̀ lè rò pé òun kò tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ìwúwo bàtà nìkan lè dín ìdìmú sípíríǹgì kù.

Bí a ti í kọ́ ẹsẹ̀

Kí a mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí pápá títẹ́jú tí kò sí ènìyàn, láìkó ẹrù. Kí ó fi ọkọ̀ sí jíà kìíní, kí ó má sì fún un ní epo rárá. Kí ó máa gbé ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì sókè díẹ̀díẹ̀ títí ohùn ẹ́ńjìnì yóò fi rẹlẹ̀, tí ọkọ̀ yóò sì máa rọra yí. Ibẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì ti ń dì. Bí ẹ́ńjìnì bá kú, kí a má bá a wí. Kí ó jí i, kí ó tún un ṣe. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti mọ ibi yìí dáadáa, a lè wá kọ́ ọ bí a ti ń tẹ epo.

Lórí òkè, kí ó fa bíréèkì ọwọ́, kí ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀, kí ó sì wọ jíà kìíní. Kí ó gbé ẹsẹ̀ dé ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń dì, kí ó fún un ní epo díẹ̀, kí ó wá tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, kí ó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ tán, kí ó sì gbé e sí ilẹ̀ ọkọ̀. Kí a má ṣe kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ òkè léraléra láìsinmi. Bí òórùn jíjó bá jáde, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà parí.

Àmì àrùn rẹ̀, àti ìdájọ́ òdodo

Bí ẹ́ńjìnì bá ń ké, tí ọkọ̀ kò sì sáré tó bí ó ti ń ké, pàápàá lórí òkè pẹ̀lú jíà ńlá, àwo ti ń yọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, pẹ́dàlì tí ó gbọdọ̀ sún mọ́ òkè pátápátá kí ó tó dì jẹ́ àmì pé awọ ti jẹ. Kí a tọ mẹkáníìkì lọ kí ọjọ́ ìkórè tó dé.

Síbẹ̀, kí olówó ọkọ̀ má ṣe yára gba owó lọ́wọ́ ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tí a bá tú àpótí jíà sílẹ̀, kí ó fi ojú ara rẹ̀ wo inú rẹ̀. Bí irin rìbìtì bá jó tí ó ní àpá aláwọ̀ búlúù, ooru ni ó ṣe é. Bí awọ bá tutù fún òróró, ẹ́ńjìnì tàbí àpótí jíà ni ó ń jò, ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe ti ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ìkìlọ̀ fún ìlera

Ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, a máa ń fi asbestos ṣe awọ kílọ́ọ̀ṣì àti ti bíréèkì. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé gbogbo irú asbestos ni ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ilẹ̀ Bírítéènì fi òfin dè é pátápátá ní ọdún 1999. Àìsàn náà lè fara pa mọ́ sínú àyà fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó fara hàn. Níwọ̀n bí ojú kò ti lè mọ èyí tí ó ní in nínú awọ àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ fẹ́ eruku kílọ́ọ̀ṣì. Kí a fi omi rin ín, kí a fi àkísà tútù nù ún, kí a sì dì í nù. Kí a lé àwọn ọmọdé jìnnà, kí a má sì wọ aṣọ iṣẹ́ náà wọ yàrá.

Ìbéèrè fún àyẹ̀wò

1. Ipò ẹsẹ̀ wo ni ó ń jẹ kílọ́ọ̀ṣì?
2. Èwo ni ó sàn kí ó kú, ẹ́ńjìnì tàbí kílọ́ọ̀ṣì? Kí ni ìdí rẹ̀?
3. Kí ni ó yẹ kí awakọ̀ fi di ọkọ̀ mú lórí òkè?
4. Báwo ni a ti í mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ tàbí òróró ni ó ba àwo jẹ́?

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní sùúrù lórí pápá, ẹrù rẹ̀ yóò dé ọjà.