Orí Yẹ̀yẹ́ ní Mògún: Ọ̀rọ̀ Lórí Kóòṣì Tí Kò Gba Ife

Orí yẹ̀yẹ́ ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí ti rí i pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n bẹ́ lórí ló jẹ̀bi. N kò sì mọ iṣẹ́ tí òwe náà bá mu nílẹ̀ yìí tó iṣẹ́ kóòṣì bọ́ọ̀lù. Bí ẹgbẹ́ bá borí, agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbé sọ́rùn, alága ni wọ́n ń kí kú oríire, gómìnà ni wọ́n ń bá ya fọ́tò. Bí ẹgbẹ́ bá fìdí rẹmi, orí kóòṣì nìkan ni gbogbo rẹ̀ ń dá lé. Tó bá di ogún ọdún lẹ́yìn náà, tí inú ti rọ̀, àwọn tó bú u yóò wá jókòó, wọ́n á ní, "Ọkùnrin yẹn gbìyànjú o." Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, láti Agric ní Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́ bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tó ṣì lè ṣe ẹni tó ni ín láǹfààní.

Bí ẹ bá gba iwájú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan kọjá ní Agric nírọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa kóòṣì ya: ti Arsenal, ti Chelsea, ti Super Eagles. Ẹni ìjà ò bá ní ń pe ara rẹ̀ lọ́kùnrin. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ láàárín wọn a máa dá ọ̀rọ̀ náà padà sí Ife Àgbáyé ọdún 2002, bó bá sì ti débẹ̀, orúkọ Adégbóyè Onígbìndé, tó jẹ́ kóòṣì Super Eagles nígbà náà, kì í pẹ́ jáde. Àwọn kan á ní òun ló bà á jẹ́ fún wa ní Japan. Àwọn mìíràn á bi wọ́n pé, "Kí ni wọ́n fi lé Bàbá lọ́wọ́?" Ìbéèrè kejì yìí ni mo fẹ́ ká dúró lé, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í béèrè.

Ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni Onígbìndé, iṣẹ́ olùkọ́ ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òyìnbó ló pọ̀ jù nídìí Green Eagles, bí wọ́n ṣe ń pe Super Eagles nígbà náà, kó tó dé ibẹ̀. Father Tiko wá láti Yugoslavia; Otto Glória, ọmọ Brazil, ló wà níbẹ̀ nígbà tí a gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1980. Nígbà tí wọ́n fa ẹgbẹ́ náà lé Onígbìndé lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ ọdún 1980 ti ń lọ. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ mọ́ àwọn àgbà díẹ̀ tó kù, ó sì gbé wọn lọ sí ìdíje ife Áfíríkà ní Côte d'Ivoire ní 1984. Stephen Keshi wà níbẹ̀, Peter Rufai ń ṣọ́lé, Ràṣídì Yẹkíní ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí. Pẹnárítì ni wọ́n fi já Íjíbítì, 8 sí 7, kí wọ́n tó dé àṣekágbá. Ní Abidjan, Muda Lawal ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún wa, àmọ́ Kamẹrúùnù dá mẹ́ta padà. Ipò kejì ní gbogbo Áfíríkà, lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ wa, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. A kò mọrírì rẹ̀ nígbà náà. Lójú wa, ẹni tó bá ṣe ipò kejì ti pàdánù náà ni.

Ọdún yẹn kan náà ni Shooting Stars, 3SC ti Ìbàdàn, wọ àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì ní Áfíríkà, Onígbìndé náà ló sì ń darí wọn. Zamalek ti Íjíbítì lù wọ́n 2 sí òdo ní Cairo, ó tún wá lù wọ́n 1 sí òdo ní Èkó. Ó dùn wá gan-an, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e ló burú ju ìpàdánù lọ: ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tú ẹgbẹ́ náà ká. Ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kejì ní Áfíríkà, wọ́n tú u ká! Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù fọ́n ká, Yẹkíní lọ sí Abiola Babes, òkìkí rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i níbi tó lọ. Kí ni ìbínú yẹn wá mú bọ̀ fún Ìbàdàn? Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn alága ẹgbẹ́ wa, àti kékeré àti ńlá: ẹ má ṣe ìpinnu kankan lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá pàdánù. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Bí ẹ̀bi bá wà lóòótọ́, yóò ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ọdún 2002 tí ariwo rẹ̀ kò tán. Shuaibu Amodu ló darí wa débi tí a fi yẹ fún Ife Àgbáyé, òun náà ló kó Super Eagles lọ sí ìdíje ife Áfíríkà ní Mali ní oṣù kìíní ọdún náà. A ṣe ipò kẹta níbẹ̀. Wọ́n lé e. Onígbìndé ni wọ́n pè, ó sì ku nǹkan bí oṣù mẹ́rin kí ìdíje bẹ̀rẹ̀. Sunday Oliseh àti Finidi George, tí wọ́n ti jẹ́ òpó ẹgbẹ́ náà láti ọdún pípẹ́, kò sí lára àwọn tó lọ sí Japan. Nínú ìsọ̀rí tí wọ́n jù wá sí, Argentina wà níbẹ̀, Sweden wà níbẹ̀, England wà níbẹ̀. Argentina fi orí Batistuta jẹ wá ní ẹyọ kan. Aghahowa kọ́kọ́ gbá tiwa wọlé Sweden, Larsson gbá méjì padà. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà, ní Osaka, àwa àti England gbá ọ̀mì, òdo sí òdo. Máàkì kan péré la mú bọ̀.

Ní ọjọ́ ọ̀mì yẹn, ta ló ṣọ́lé fún wa? Vincent Enyeama, ọmọ ọdún 19. Bàbá ló fi í síbẹ̀. Ta ló tún wọ pápá lọ́jọ́ náà? Fẹ́mi Ọ̀pábùnmi, ọmọ ọdún 17. Bartholomew Ogbeche tó kojú Argentina kò ju 17 lọ pẹ̀lú. Nínú gbogbo ohun tí mo rántí nípa ìdíje náà, èyí ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Kóòṣì tó mọ̀ pé gbogbo orílẹ̀-èdè ń wá ẹni tí wọ́n máa bú, tó ṣì fi ọmọ ọdún 19 dúró sẹ́nu ọ̀nà níwájú Owen àti Beckham, ìgboyà rẹ̀ pọ̀. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ní 2013, Enyeama yẹn kan náà ló ṣọ́lé fún wa nígbà tí a gba ife Áfíríkà ní South Africa, Keshi tó wà lára àwọn ọmọ ọdún 1984 sì ni kóòṣì. Ẹ fi ojú inú wò ó: Onígbìndé ló ti fi ọwọ́ tọ́ àwọn méjèèjì. Nígbà tí a ń jó lọ́jọ́ náà, orúkọ ta ni a pè?

Ẹnì kan lè ní ẹjọ́ ni mò ń gbà fún Bàbá. Rárá o. Mo gbà pé fífi Oliseh àti Finidi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà dín ọgbọ́n àgbà kù láàárín pápá, ẹni tó bá sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́ lè bá mi jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká wo gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ wo Argentina fúnra wọn. Ìsọ̀rí kan náà la jọ wà, àwọn náà ò kọjá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ní àwọn ló máa gba ife náà. Wọn ò lé Marcelo Bielsa kóòṣì wọn. Wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀, nígbà tó sì di 2004 ní Athens, ó gba wúrà Òlíḿpíìkì fún wọn. Àwa ní tiwa, kóòṣì mìíràn la tún lọ wá. Ẹni tí a fún ní àwọ̀n tó ya, ká má bi í pé ẹja mélòó ló kó nínú ọ̀sà.

Ọ̀rọ̀ Amodu tilẹ̀ tún dunni ju ti Bàbá lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n lé e ní 2002, wọ́n tún pè é padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, ó fẹ̀yìn Kenya gbolẹ̀ ní Nairobi, 3 sí 2, ó sì tún mú wa yẹ fún Ife Àgbáyé. Ó lọ sí ìdíje ife Áfíríkà ní Angola ní 2010, ó tún ṣe ipò kẹta. Wọ́n tún lé e! Lars Lagerbäck ọmọ Sweden ni wọ́n gbé wá láti kó ẹgbẹ́ náà lọ sí Ife Àgbáyé ní South Africa, a kò sì kọjá ìsọ̀rí níbẹ̀. Ẹnì kan roko lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gba oko lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, Keshi kú. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, Amodu náà kú. Ìgbà yẹn ni gbogbo rédíò ń kọrin ìyìn wọn, tí àwọn aláṣẹ ń sọ pé òpó ńlá ti wó. Ọjọ́ a kú là ń dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ìyìn tí àwọn ọkùnrin méjèèjì ò lè gbọ́ mọ́, fún ta ni?

Mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ náà wálé. Ìkòròdú ti ní ẹgbẹ́ nínú líìgì àgbà rí: Ikorodu United gòkè síbẹ̀ fún sáà 2016, sáà yẹn náà ni wọ́n sì já bọ́. Ní sáà 2024/2025, Ikorodu City gbé orúkọ ìlú padà sí NPFL, pápá Mobolaji Johnson ní Onikan ni wọ́n sì fi ṣe ilé. Inú wa dùn sí ti èkejì, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: ta ló ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ pápá fún ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ nígbà tí ìyà ń jẹ wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Àwọn ọmọ àdúgbò wo ló kọ́? Bí a ò bá rántí ẹni tó ṣiṣẹ́ ní ọdún ìyà, àwọn kóòṣì ọ̀la yóò kọ́ ẹ̀kọ́ kan lára wa, pé kò sí èrè nínú kí ènìyàn dúró ti ẹgbẹ́ tó ń rì.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá iyanrìn ní Agric, ní Owútù, tàbí ní Ẹ̀pẹ́, kí ẹ tó dá kóòṣì lẹ́bi, ẹ wo bọ́ọ̀lù mélòó ló ní fún àwọn ọmọ tó ń kọ́. Ẹ wo bóyá ọmọ yín ń dé lásìkò. Ẹ wo bóyá ẹnikẹ́ni ń san nǹkan kan fún un, tàbí iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà ló ń ṣe lówùúrọ̀ kó tó wá fun fèrè nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn ọmọ fúnra wọn: ṣé wọ́n ń mọ̀ ọ́n sí i ju bí wọ́n ṣe rí lọ́dún tó kọjá? Ṣé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún rẹfirí? Ṣé ọmọ tó pàdánù pẹnárítì tún máa ń gboyà láti gbá òmíràn? Àmì iṣẹ́ kóòṣì nìwọ̀nyí, wọ́n sì máa ń hàn kódà lọ́dún tí ẹgbẹ́ ò borí ẹnikẹ́ni. Kóòṣì tó ń gbowó lọ́wọ́ òbí kó tó fi ọmọ sínú ẹgbẹ́, tàbí tó ń na ọmọ olọ́mọ bí ẹni na bàrà, ẹ má fi àánú bò ó mọ́lẹ̀. Ìyẹn ò sí nínú àwọn tí mò ń gbèjà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di baba lónìí, tẹ́ ẹ gbá bọ́ọ̀lù nílé ẹ̀kọ́ girama nígbà kan, ẹ ní kóòṣì kan tí ẹ ò tíì kí. Bóyá ẹgbẹ́ yín ò tilẹ̀ kọjá ìpele àkọ́kọ́ nínú ìdíje àwọn ilé ìwé. Síbẹ̀, òun ló kọ́ yín láti jí ní kùtùkùtù. Ẹni tó bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Ẹ pè é lórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má kàn ní "Kóòṣì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta". Ẹ sọ ohun pàtó tó ṣe fún yín, ẹ dárúkọ ọjọ́ náà, ẹ dárúkọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà. Kí ẹnì kan nínú yín jókòó tì í, kó máa kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀: ọdún tó gba iṣẹ́, àwọn ọmọ tó kọ́, ibi tí ẹgbẹ́ dé, ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ìtàn bọ́ọ̀lù àdúgbò wa wà lórí ahọ́n àwọn àgbà báyìí, ìwé kò sí.

Bí ọdún bá sì ń lọ sópin, tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣètò ìdíje àdúgbò sí àdúgbò, ẹ fi orúkọ kóòṣì yẹn pe ife náà nígbà tó ṣì lè wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bá àwọn kóòṣì kéékèèké sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, kó sọ bó ṣe ń yan aṣọ́lé, kó sọ bó ṣe ń bá ọmọ tó ń sunkún sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lù wọ́n. Ẹ fún un lówó ọkọ̀. Bí ẹgbẹ́ bá sì jẹ ẹ́ lówó oṣù láti ọjọ́ yìí wá, owó yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ san kí ẹ tó tẹ orúkọ rẹ̀ sára jẹ́sì.