Sọ́kàwéè Yín Kì Í Kún? Ẹ Bi Kànga Léèrè

Fún gbogbo onílé, ayálégbé àti agboolé ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

"Látìgbà tí a ti kọ́ ilé yìí, sọ́kàwéè wa ò kún rí." Ọ̀rọ̀ ìyangàn ni lẹ́nu àwọn onílé, wọ́n á tún máa yin bíríkìlà tó gbẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Èèyàn mẹ́wàá ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lójoojúmọ́ fún ogún ọdún, ihò náà ò kún. Níbo ni gbogbo rẹ̀ ń gbà lọ? Ilẹ̀ ló ń gbé e lọ, inú ilẹ̀ yẹn kan náà sì ni kànga wà.

Kò sí páìpù ìjọba tó ń kó ẹ̀gbin láti ojúlé dé ojúlé nílùú méjèèjì yìí. Ohun tó bá jáde nílé yín, ilẹ̀ yín ló ń mu ún. Mítà 30 ló yẹ kó wà láàárín sọ́kàwéè àti kànga. Pulọ́ọ̀tì tí ọ̀pọ̀ wa ń rà, ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú, 100 ní gígùn ni. Mítà 30 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gígùn rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹ gbẹ́ kànga síwájú ilé, ẹ gbẹ́ sọ́kàwéè sẹ́yìn, ọkàn yín balẹ̀. Kí ló wà lódì kejì fẹ́ǹsì? Kànga aládùúgbò ni.

Àwọn kan tiẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ ní kí wọ́n gbẹ́ ihò náà títí yóò fi kan omi, kí wàhálà kíkún lè tán. Èyí ló ń bí wa nínú jù. Ihò tó bá ti kan omi, kànga ni. Ìgbẹ́ lẹ wá ń dà sínú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ihò gbọ́dọ̀ fi mítà 1.5, ó kéré tán, ga ju ojú omi abẹ́ ilẹ̀ lọ. Kì í ṣe ojú omi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn là ń wí o. Ti oṣù Kẹsàn-án ni, nígbà tí okùn kúkúrú ti ń tó omi kànga. Àpáta ló sì wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Iyanrìn lè sẹ́ kòkòrò kúrò nínú omi, ṣùgbọ́n àpáta tó sán kì í sẹ́ nǹkan kan. Bó ṣe gbà á ló ṣe ń gbé e lọ.

"Omi kànga wa mọ́ gaara, kò rùn." A ti gbọ́. Kòkòrò taifọ́ọ̀dù ò láwọ̀, kò sì ní òórùn. Irú omi tó mọ́ gaara bẹ́ẹ̀ làwọn tí wọ́n ń gbé wá bá wa nílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ kẹta ibà ti ń mu, lẹ́yìn agbo, lẹ́yìn oògùn kẹ́mísìtì, nígbà tí ìfun ti lu. Iṣẹ́ abẹ ló kù nígbà yẹn, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń padà sílé.

Ihò méjì ló yẹ kó wà fún ẹ̀gbin ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àkọ́kọ́ ni táńkì tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ohun tó nípọn lè rọlẹ̀ síbẹ̀. Omi orí rẹ̀ nìkan ló ń ṣàn lọ sí ìkejì, tí ilẹ̀ á máa fà á díẹ̀díẹ̀. Táńkì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kún! Tó bá kún láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe yẹn.

Wolé-wolé: Àfikún kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ pe wolé-wolé kí bíríkìlà tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí kọnkéré ti gbẹ.

Omi mímu: Ẹ sè é kó hó.

Àìsàn: Ibà tó bá ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Ìgbẹ́ gbuuru tó dà bí omi ìṣanrẹsì, ẹ fún aláìsàn ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Inú ihò: Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń pani. Bí ẹnì kan bá ṣubú sí i, ẹ má wọ̀ ọ́ tẹ̀lé e. Ẹ ké sí panápaná.

Fífà: Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ pe ọkọ̀ tó ń fa ẹ̀gbin táńkì. Ẹ má ṣí táńkì sí gọ́tà nígbà òjò. A mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é lóru. Ẹ bi awakọ̀ léèrè ibi tó ń lọ dà á sí kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá dárúkọ odò tàbí igbó ẹ̀yìn ìlú, ẹ má san kọ́bọ̀ fún un, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ fún wolé-wolé.