Yíyàn Ọlọ́run Kì í Ṣe Àyànmọ́

Nígbàkúùgbà tí a bá dárúkọ Calvin láàrin wa, a óò gbọ́ ìbéèrè yìí: "Bí Ọlọ́run bá ti yan ẹni tí yóò là, kí ni a tún ń wàásù fún?" A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹnu àwọn tí a ń dá lẹ́jọ́.

Èkínní, yíyàn tí wọ́n ń sọ kì í ṣe àkúnlẹ̀yàn. Nínú àkúnlẹ̀yàn, ènìyàn fúnra rẹ̀ ni ó yan orí tí ó gbé wá sí ayé. Calvin kọ́ni pé Ọlọ́run ni ó yan ènìyàn nínú Kristi, nípa oore-ọ̀fẹ́, kì í ṣe nítorí ìwà rere kan tí ó rí tẹ́lẹ̀ lára rẹ̀.

Èkejì, wọn kò sọ ènìyàn di igi tàbí òkúta. Calvin kú ní ọdún 1564; ìgbìmọ̀ ìjọ tí ó jókòó ní Dort, ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, láti 1618 dé 1619, ni ó to ẹ̀kọ́ yìí sí orí márùn-ún, láti fi dá àwọn ọmọlẹ́yìn Arminius lóhùn. Wọ́n wí pé oore-ọ̀fẹ́ kì í fi ipá wọ́ ènìyàn. Ó ń wo ìfẹ́-inú rẹ̀ tí ó ti bàjẹ́ sàn, kí ó lè fi tìfẹ́tìfẹ́ wá. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ń yàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ ni ó ń yàn. Ọkàn náà ni ó sì ń ṣàìsàn.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀kọ́ yìí kò pa ìwàásù run. William Carey, Onítẹ̀bọmi tí ó di ẹ̀kọ́ Calvin mú, lọ sí India ní 1793. Òpin ọdún 1800 ni ó tó ṣe ìrìbọmi fún Krishna Pal, àkọ́so iṣẹ́ rẹ̀ láàrin àwọn Hindu. Àgbẹ̀ Obbo-Aiyegunle mọ̀ pé Ọlọ́run ni ń mú iṣu ta. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ń wa iṣu nínú ebè tí a kò kọ.

John Wesley kò gba ẹ̀kọ́ yìí. Ó ní ọ̀fẹ́ ni oore-ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Òun àti George Whitefield jiyàn kíkan lórí rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Whitefield kú ní 1770, Wesley ni ó wàásù ìrántí rẹ̀ ní London.

Nítorí náà, bí ọmọ kan kò bá tètè mọ ìwé, tàbí bí ẹnìkan bá ń bẹ̀rù pé a kò yan òun, ẹ má ṣe jẹ́ kí a wí pé, "Àyànmọ́ rẹ̀ ni." Calvin fúnra rẹ̀ wí pé Kristi ni dígí tí a ti ń rí yíyàn wa. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó ti ka ìwé orúkọ àwọn àyànfẹ́. Ẹ jẹ́ kí a máa kọ́ gbogbo ọmọ, kí a sì máa pe gbogbo ènìyàn.