Windows ni àbí Linux? Bí A Ṣe Lè Yẹ Ìlérí Ààbò Wò

Bí ọ̀rọ̀ Windows àti Linux bá dé láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, àwíjàre méjì ló máa ń kọlu ara wọn. Àwọn kan á ní Linux ló láàbò jù, torí pé kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, gbogbo ayé ló ń wò ó. Àwọn kejì á ní Windows ni, torí pé iléeṣẹ́ tó ń gbowó ló ń tọ́jú rẹ̀, olè kò sì rí kóòdù rẹ̀. Lójú tèmi, ìlérí ni méjèèjì, wọn kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta dán wọn wò.

Heartbleed, 2014

OpenSSL wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ sáfà Linux fi ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó ń kọjá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, ẹ̀dà 1.0.1 jáde pẹ̀lú àṣìṣe kan: kọ̀ǹpútà kan lè fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́, kó sì parọ́ pé ó gùn. OpenSSL kò ní wọ̀n ọ́n wò. Ohun yòówù tó bá wà nínú memory ló máa bù kún èsì, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2014 ni aráyé tó gbọ́. Pé ìwé wà ní ṣíṣí kò ní kí ẹnikẹ́ni kà á.

WannaCry, 2017

Kóòdù Windows kò sí ní gbangba, síbẹ̀ wọ́n rí ihò nínú SMB, ìyẹn ọ̀nà tí ó fi ń pín fáìlì. Microsoft fúnra rẹ̀ sọ pé ọwọ́ àjọ NSA ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti jí irinṣẹ́ tó ń gba ihò náà wọlé. Àtúnṣe jáde ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta. WannaCry bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, ó sì da iṣẹ́ rú ní àwọn ilé ìwòsàn NHS nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oògùn ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì. Àwọn tí kò lò ó ló kó àrùn.

xz, 2024

Ẹnìkan tó ń jẹ́ orúkọ Jia Tan bá wọn ṣiṣẹ́ lórí xz, ètò kékeré tó ń fún fáìlì pọ̀, fún ohun tó lé ní ọdún méjì, títí wọ́n fi fọkàn tán an. Ó wá fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Apá kan rẹ̀ kò sí nínú kóòdù tí gbogbo èèyàn ń wò. Inú àpò tí wọ́n dì fún ìgbàsílẹ̀ nìkan ló wà. Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft, ló ṣàkíyèsí pé wíwọlé nípasẹ̀ SSH fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ó sì ké gbàjarè ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta. Ìgbangba kò dá olè dúró, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí Freund lè tú u fó.

Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní ètò kan láàbò, ohun mẹ́ta ni mo máa ń béèrè. Ta ló ń yẹ kóòdù náà wò, ta ló sì ń sanwó fún un? Bí wọ́n bá rí ihò, ó máa ń pẹ́ tó kí àtúnṣe tó jáde? Ṣé àtúnṣe náà ń dé orí ẹ̀rọ?

Ẹ̀kẹta ló kàn wá jù. Ọ̀pọ̀ wa ló ń lo Windows tí a kò rà, tí a sì ti pa update rẹ̀ torí owó dátà. Àwọn mìíràn fi Ubuntu sórí ẹ̀rọ, wọn kò sì tún un ṣe mọ́ láti ọjọ́ náà. Àgádágodo tó dára jù kò wúlò lára ilẹ̀kùn tí a kò tì. Kí a tó jiyàn lórí èyí tó láàbò jù, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí àtúnṣe wọ ẹ̀rọ tirẹ̀ kẹ́yìn.