Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ fún Ewéko Ọlọ́dún-púpọ̀ àti Koríko Ọ̀ṣọ́ Inú Ọgbà Ìgbà Ìwọ́wé

Olùtumọ̀ tí ó bá ń túmọ̀ ìwé nípa ọgbà òdòdó ilẹ̀ Úróòpù kò lè ṣàìbá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, "perennial", pàdé. "Ọlọ́dọọdún" ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí là sí. Ẹnìkan lè gbà pé ewéko tí ń hù padà lọ́dọọdún ni. Ẹlòmíràn tí ó mọ "ìpàdé ọlọ́dọọdún" lè gbà pé ewéko tí a gbọ́dọ̀ tún gbìn lọ́dọọdún ni. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti orí ahọ́n lásán. Nígbà tí òtútù bá dé, ewé ohun ọ̀gbìn náà a gbẹ, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ wà láàyè nínú ilẹ̀. Ẹni tí ìtumọ̀ bá ṣì lọ́nà yóò hú ohun tí ó yẹ kí ó fi sílẹ̀.

"Ọlọ́dún-kan", "ọlọ́dún-méjì" àti "ọlọ́dún-púpọ̀" ni ó yẹ ní lílò, nítorí pé iye ọdún tí ohun ọ̀gbìn ń lò láyé ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe iye ìgbà tí ó ń tanná. Ṣùgbọ́n ìrókò pàápàá jẹ́ ọlọ́dún-púpọ̀. Nítorí náà, "ewéko ọlọ́dún-púpọ̀" ni ó pé fún olùtọ́jú ọgbà, tí kì í ka igi mọ́ ọn.

"Ìgbà ìwọ́wé" ti di mímọ̀ fún àkókò tí ó wà láàárín ooru àti òtútù. Kò gbọdọ̀ dàpọ̀ mọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Àìtó omi ni ó ń mú igi wọ́wé ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Jámánì, kíkúrú ojúmọmọ àti títutù afẹ́fẹ́ ni.

Ohun méjì ni wọ́n ń wò bí wọ́n bá ń yan ewéko fún àkókò yìí: òdòdó tí ó pẹ́ kí ó tó tanná, àti ìrísí tí kì í bàjẹ́ lẹ́yìn tí òdòdó bá gbẹ. Symphyotrichum novae-angliae, ọmọ ilẹ̀ Àríwá Amẹ́ríkà, tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, jẹ́ àpẹẹrẹ èkíní. Àpẹẹrẹ èkejì ni èyí tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Herbstfreude, èyíinì ni "ayọ̀ ìgbà ìwọ́wé". Ìdílé kan náà ni òun àti ọ̀dúndún pẹ̀lú àbámodá. Òdòdó rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́, a sì pọ́n dé àwọ̀ ilẹ̀ pupa.

Karl Foerster (1874–1970), tí ó ní ọgbà ní Bornim lẹ́bàá Potsdam, wà lára àwọn tí ó mú kí koríko gbayì nínú ọgbà òdòdó. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe irú Calamagrostis kan tí ń dúró ṣánṣán. "Koríko ọ̀ṣọ́" bá irú ewéko yìí mu, bí olùtumọ̀ bá rántí pé ìlò ni "ọ̀ṣọ́" ń sọ, kì í ṣe ẹ̀yà. Miscanthus sinensis, tí òdòdó rẹ̀ rí bí ìrùkẹ̀rẹ̀, jẹ́ ìbátan ìrèké. Ẹ̀kan, ọ̀tá àgbẹ̀, ni Imperata cylindrica. Síbẹ̀ wọ́n ń gbin irú rẹ̀ tí ewé rẹ̀ pọ́n fún ẹwà, bẹ́ẹ̀ ni òfin ìjọba Amẹ́ríkà sì ka ẹ̀kan sí èpò búburú.

Ó kù sí ọ̀rọ̀-ìṣe. Wọn kì í tètè gé koríko wọ̀nyí, nítorí pé ewé gbígbẹ ń dáàbò bo ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ òtútù, àwọn ẹyẹ sì ń jẹ irúgbìn orí rẹ̀. Ní ìparí ìgbà òtútù ni wọ́n ń gé e kù díẹ̀ sí ilẹ̀. "Gé" ni kí olùtumọ̀ kọ síbẹ̀. Kò gbọdọ̀ kọ "hú" tàbí "ro". Bí orúkọ bá tọ̀nà tí ọ̀rọ̀-ìṣe sì ṣìnà, ọgbà náà kò ní hù padà.